Ìyá kan ló bí òǹkọ̀wé àti ayàwòrán: kí ló dé tí a fi mọ ọ̀kan ju èkejì lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ wa ní ká kọ àpilẹ̀kọ lórí bí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ayàwòrán àti ti àwọn obìnrin òǹkọ̀wé ṣe jọra láyé modernism. Mo ti ka Virginia Woolf, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ayàwòrán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Vanessa Bell. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí mo bá dárúkọ Virginia, gbogbo kíláàsì ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dárúkọ Vanessa, wọ́n á ní ta nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìyà kan náà ló jẹ àwọn méjèèjì, kí ló dé tí ọ̀kan yọ tí èkejì ò yọ? Ẹ má bínú o, mà, ṣé kì í ṣe pé obìnrin mọ ìwé kọ ju bí wọ́n ṣe mọ àwòrán yà lọ ni?"

Ọmọ mi, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ìbéèrè méjì ni o dì sínú ẹrù kan. Èkínní ni pé ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn jọra. Èkejì, tí o fi ìtìjú gbé sí ìdí lẹ́tà rẹ, ni pé ṣé ẹ̀bùn àwọn ayàwòrán ló kéré. Ìdáhùn mi sí èkínní ni bẹ́ẹ̀ ni, sí èkejì ni rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀, ohun tí mo máa ń rí nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún ni ìwọ náà yóò kọ: ojú ìwé mẹ́jọ lórí bí àwọn ọkùnrin ṣe ni àwọn obìnrin lára, láìsí obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀ tí a rí ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe ni mo fẹ́ ká wò, torí ibẹ̀ ni ìjọra wọn wà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti yàtọ̀ síra. Ayé modernism tí olùkọ́ yín ń wí, jẹ́ ká fi sí nǹkan bí 1900 títí dé 1940, ìgbà tí àwọn ayàwòrán ò fẹ́ yà bíi fọ́tò mọ́, tí àwọn òǹkọ̀wé náà ò sì fẹ́ máa to ìtàn láti orí dé ìrù mọ́.

O ti ka To the Lighthouse, ìwé ìtàn tí Virginia kọ, tó jáde ní 1927, nítorí náà o mọ Lily Briscoe, obìnrin tó gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ sórí pápá ní ilé ìsinmi létí òkun, tó ń kùn ún. O mọ Charles Tansley náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ fún un pé obìnrin ò lè yàwòrán, obìnrin ò lè kọ̀wé. Ẹnu kan ló fi sọ méjèèjì. Kò yà wọ́n sọ́tọ̀, torí lójú irú rẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni. Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí Lily. Bó bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì báyìí, á tún gbọ́ ọ, títí ó fi fa ìlà tó kẹ́yìn sáàárín àwòrán rẹ̀ tí ìwé sì parí. Òǹkọ̀wé ló ń fi ẹnu ayàwòrán sọ ti ara rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Vanessa ka ìwé náà. Ìyá wọn, tó ti kú láti ìgbà tí wọ́n wà ní kékeré, ni Virginia gbé wọ inú ìtàn náà. Vanessa kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ pé àwòrán ìyá àwọn tó yà síbẹ̀ jọ ọ́ ju bí òun ṣe rò pé ó ṣeé ṣe lọ, àfi bí ẹni pé ìyá àwọn jí dìde. Ayàwòrán ló ń sọ ọ́ fún òǹkọ̀wé pé àwòrán rẹ mà jọ ẹni tó ni ín o. Bí o bá ń wá ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti fojú kan ojú, lẹ́tà yẹn ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ rẹ.

Ilé tí wọ́n dàgbà sí wà ní 22 Hyde Park Gate, ní Kensington nílùú London. Wọ́n bí Vanessa ní 1879, wọ́n bí Virginia ní 1882. Leslie Stephen, bàbá wọn, ni olóòtú ìwé ńlá tó kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn gbajúmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ. Ìyá wọn kú ní 1895. Stella, ọmọ tí ìyá wọn ti bí fún ọkọ àkọ́kọ́, ló gba àkóso ilé. Òun náà kú ní 1897. Bí ẹrù ilé ṣe já lé Vanessa lórí nìyẹn, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Gbogbo ọjọ́rú ni yóò gbé ìwé ìnáwó ọ̀sẹ̀ lọ síwájú bàbá rẹ̀. Bí owó bá fi díẹ̀ ju bí bàbá ṣe fẹ́ lọ, bàbá á kérora, á máa lu àyà, á ní òun ti di ẹni ìparun, wọn ò sì ṣàánú òun. Vanessa á dúró ṣánṣán, kò ní í fọhùn, títí bàbá á fi fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Virginia wà níbẹ̀, ó ń wò. Nígbà tó di àgbàlagbà, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìbínú rẹ̀ kò sì tíì tutù.

Ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé wọn ò rán àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí níléèwé rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Thoby àti Adrian, àwọn ọmọkùnrin ilé, ni wọ́n rán lọ sí Cambridge, wọn ò sì rán àwọn ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n Virginia gba ẹ̀kọ́ ní ẹ̀ka àwọn obìnrin ní King's College ní London, ó kọ́ èdè Gíríìkì lọ́wọ́ Janet Case, bàbá rẹ̀ sì ṣí yàrá ìkàwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un gbayawu. Vanessa lọ síléèwé àwòrán Arthur Cope, ó sì wọ iléèwé Royal Academy, ẹgbẹ́ ńlá àwọn ayàwòrán ní London, ní 1901. Ohun tí wọn ò ní ni odindi ọjọ́. Òwúrọ̀ jẹ́ tiwọn: Vanessa á jáde lọ yàwòrán, Virginia á wà lókè pẹ̀lú Gíríìkì rẹ̀. Bó bá ti di aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti pààrọ̀ aṣọ, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n máa bu tíì fún àwọn àlejò bàbá, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín. Ìdajì ọjọ́ ni kálukú wọn fi kọ́ṣẹ́. Èyí bá òǹkọ̀wé, ó bá ayàwòrán, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Nígbà tí bàbá kú ní 1904 tí Vanessa kó gbogbo wọn lọ sí 46 Gordon Square ní Bloomsbury, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tún ṣe ni àkókò wọn. Kálukú ní yàrá, kò sì sí aago mẹ́rin ààbọ̀ mọ́.

Ní báyìí, sí ìbéèrè rẹ gan-an. Virginia fúnra rẹ̀ ti dáhùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní London ní oṣù kìíní 1931. Ó ní bébà ò wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí obìnrin fi ṣàṣeyọrí nídìí ìwé kíkọ kí wọ́n tó ṣe é nínú iṣẹ́ mìíràn. Ó ní pẹ̀lú ṣílè mẹ́wàá àti sísì kan, o lè ra bébà tó tó láti kọ gbogbo eré Shakespeare, bí o bá ní irú orí bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé ò nílò dùùrù, kò nílò ẹni tó máa jókòó kí ó yà, kò nílò Paris tàbí Vienna tàbí Berlin. Ó lè wà nílé tí kálàmù rẹ̀ ń rìn, kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ka ibẹ̀ sókè, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́ o. Ìṣirò ni.

Ro ohun tí ayàwòrán nílò. Ó nílò ọ̀dà, kánfáàsì, yàrá tí ìmọ́lẹ̀ wọ̀ dáadáa tí òórùn ọ̀dà ò ní í lé àlejò jáde. Lékè gbogbo rẹ̀, nígbà yẹn, ó nílò iléèwé, torí ara èèyàn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́, ìhòòhò èèyàn ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti tì. Nígbà tí wọ́n dá Royal Academy sílẹ̀ ní 1768, obìnrin méjì wà lára àwọn olùdásílẹ̀, Angelica Kauffman àti Mary Moser. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Johann Zoffany ya àwòrán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi tí wọ́n ti pé jọ yí ọkùnrin oníhòòhò kan ká láti fi kọ́ṣẹ́. Gbogbo àwọn ọkùnrin dúró tàbí jókòó síbẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì wà lára ògiri: àwòrán ojú wọn ni Zoffany fi kọ́ síbẹ̀, torí kò bójú mu kí obìnrin wà ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tiwọn, kò tún sí obìnrin tó di ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún títí wọ́n fi dìbò yan Laura Knight ní 1936. Iléèwé wọn náà ò gba obìnrin títí di 1860, nígbà tí Laura Herford fi iṣẹ́ ránṣẹ́, tó kọ L. Herford sí i, tí wọ́n rò pé ọkùnrin ni, tí wọ́n sì gbà á. Kódà nígbà tí wọ́n ti gba obìnrin wọlé, ère funfun ni wọ́n ń gbé síwájú wọn pé kí wọ́n máa yà. Ó di 1893 kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n ya ọkùnrin alààyè, òun náà sì ní láti ró aṣọ mọ́ ìdí. Ní Paris, iléèwé ìjọba, École des Beaux-Arts, ò ṣílẹ̀kùn fún obìnrin títí di 1897. Vanessa ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ́dún yẹn.

Ṣé o rí i báyìí? Kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ mọ́ òǹkọ̀wé, torí kò sí iléèwé kan pàtó tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Jane Austen ò gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Virginia mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀gbọ́n òun le ju ti òun lọ níbí. Nígbà tí Vanessa pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Cooling Galleries ní London ní 1930, Virginia ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún un, ó sì fi yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀: ó ní kí obìnrin máa pàtẹ àwòrán ní Bond Street kò wọ́pọ̀, bóyá kò tilẹ̀ yẹ ní gbígbóríyìn fún, torí ó túmọ̀ sí pé ó ti wo ìhòòhò. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ yìí ló ká mọ́ inú gbólóhùn náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà ńlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí o fò ó. Ní 1900, ìwé kan jáde ní Paris tó ń jẹ́ Claudine à l'école. Willy ni orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó Willy, Colette, ló kọ ọ́. Ìwé náà tà, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, orúkọ Willy náà ni wọ́n ń fi sí i. Colette sọ lẹ́yìn náà pé ọkọ òun a máa ti òun mọ́ yàrá kí òun lè kọ ojú ìwé tó pọ̀. Yàrá ti ara ẹni nìyẹn, àmọ́ ọwọ́ ẹlòmíì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Láàárín àwọn ayàwòrán, Paula Becker ní Jámánì fẹ́ Otto Modersohn, ayàwòrán tó ti lórúkọ, ní 1901. Ní oṣù kejì 1906 ó fi ọkọ sílẹ̀, ó lọ sí Paris, ó sì kọ̀wé sí Rilke akéwì pé òun ò mọ bí òun ṣe máa fọwọ́ síwèé mọ́: òun kì í ṣe Modersohn, òun kì í ṣe Paula Becker mọ́ pẹ̀lú, òun ni òun, òun sì ń retí kí òun túbọ̀ máa di òun sí i. Lóṣù mélòó kan sí i, lọ́jọ́ àyájọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó ya ara rẹ̀ níhòòhò dé ìbàdí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọwọ́ kan lókè ikùn, ìkejì nísàlẹ̀ rẹ̀, bí aboyún. Kò lóyún nígbà náà. P.B. ni lẹ́tà tó fi sábẹ́ rẹ̀. Ó yọ ti ọkọ kúrò. Ó padà sílé ọkọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bí ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ kejì oṣù kọkànlá 1907, ẹ̀jẹ̀ dídì sì pa á lógúnjọ́ oṣù náà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Àwòrán tó tà nígbà ayé rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1927, ọdún kan náà tí Lily Briscoe jáde, wọ́n ṣí ilé àkójọ iṣẹ́ Paula ní Bremen, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé fún obìnrin ayàwòrán. Colette gba orúkọ rẹ̀ padà lójú ayé rẹ̀. Paula ò dúró rí tirẹ̀.

Nínú iṣẹ́ gan-an ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ pé Virginia fi ọ̀rọ̀ yàwòrán, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Gbólóhùn yẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Wo àwòrán tí Vanessa ya àbúrò rẹ̀ ní 1912, níbi tó ti rọ̀gbọ̀kú sínú àga oníkánfáàsì, fìlà ńlá lórí. Aṣọ wà, ọwọ́ wà, bí ọrùn ṣe tẹ̀ wà. Ojú ò sí. Ibi tí ojú, imú àti ẹnu yẹ kó wà, ọ̀dà lásán ni, síbẹ̀ ẹni tó bá mọ Virginia á mọ̀ pé òun ni. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1922, Virginia tẹ Jacob's Room jáde, ìwé tí a ò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí Jacob fúnra rẹ̀: ohun tí àwọn ẹlòmíì rí lára rẹ̀ la rí, yàrá rẹ̀ la rí, nígbẹ̀yìn bàtà rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gbé sókè tó ní kí lòun fẹ́ fi ṣe. Ọgbọ́n kan náà ni: yọ ojú èèyàn kúrò, kí o wò ó bóyá èèyàn á ṣẹ́ kù. Mi ò ní í búra pé ti ẹ̀gbọ́n ló bí ti àbúrò. Ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ló ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Roger Fry, ayàwòrán àti alámèyítọ́ àwòrán, sì ti pàtẹ àwọn àwòrán Cézanne, Gauguin àti van Gogh ní London ní 1910 tí ìlú fi dàrú. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú ẹ á là. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin ni Vanessa ń tọ̀. Nǹkan bí 1914 ló ya àwòrán kan tó jẹ́ kìkì igun àti àwọ̀, kò sí èèyàn, kò sí igi, nígbà tí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ju ìba díẹ̀ lọ. Tate, ilé àkójọ àwòrán ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ín báyìí.

Wọ́n tún ṣiṣẹ́ pọ̀, ìjà sì wà níbẹ̀. Ní 1917 Virginia àti Leonard ọkọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, wọ́n gbé e sórí tábìlì oúnjẹ nílé wọn ní Richmond. Bí Hogarth Press ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tẹ Kew Gardens ní 1919, Vanessa gbẹ́ àwòrán sára pákó fún un. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ò dára lójú rẹ̀. Inú bí i, ó ní òun ò ní í ya nǹkan fún wọn mọ́ bó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n á ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni, àbúrò gbà á mọ́ra. Ó padà ya èèpo ẹ̀yìn ìwé fún Jacob's Room, Mrs Dalloway, To the Lighthouse, A Room of One's Own, àti àwọn mìíràn. Leonard kọ ọ́ pé àwọn tó ń tàwé fi ti Jacob's Room ṣe ẹlẹ́yà, torí kò sí arẹwà obìnrin kankan lára rẹ̀. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ní 1925, Virginia kọ ọ́ pé òun nìkan ni obìnrin tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lómìnira láti kọ ohun tó wu òun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nílé ló ń wí. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ayàwòrán. Ẹlòmíì ló ni ògiri tí yóò gbé àwòrán rẹ̀ kọ́.

Ibí ni mo rò pé ìdáhùn rẹ sùn sí. Ìwé máa ń bí ara rẹ̀. Àwòrán jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Mo lọ sí Charleston nígbà kan, ilé oko tí Vanessa kó lọ ní 1916 ní Sussex pẹ̀lú Duncan Grant, ayàwòrán bíi tirẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n kun ilẹ̀kùn, wọ́n kun ibi ìdáná, wọ́n kun àpótí, tábìlì àti ìdí bẹ́ẹ̀dì. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn kan fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, obìnrin tó ń mú wa yíká ń wò mí bíi pé mo fẹ́ jí i gbé. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú irin kí n tó rí ilẹ̀kùn yìí, ṣùgbọ́n To the Lighthouse, ilé ni mo wà tí mo fi kà á. Kí o wá wo ọdún 1940. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì jó yàrá iṣẹ́ Vanessa ní 8 Fitzroy Street, ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ sì jóná síbẹ̀. Lásìkò kan náà bọ́ǹbù bá ilé Virginia méjèèjì ní London: èyí tó wà ní Tavistock Square wó, ti Mecklenburgh Square bàjẹ́. Virginia lọ sínú àwókù, ó tú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ jáde nínú eruku, ìdìpọ̀ mẹ́rìnlélógún. Àwọn ìwé tó ti tẹ̀ jáde kò tiẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni tú wọn jáde. Wọ́n wà láwọn ilé ìkàwé, wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ iná ò tó wọn. Ohun tó jó ní Fitzroy Street jó pátápátá. Virginia kú ní 1941, Vanessa ní 1961, ó sì di 2017 kí Dulwich Picture Gallery ní London tó ṣe àfihàn ńlá tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ìwọ ló kọ́kọ́ yàwòrán tí àbúrò rẹ sì kọ̀wé, ta ni kíláàsì yín ì bá mọ̀?

Mo ní láti kìlọ̀ fún ẹ níbì kan. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí ò lè dúró fún gbogbo obìnrin ayé ìgbà yẹn. Ilé olówó ni wọ́n ti jáde, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sì gbé òmìnira wọn lé lórí. Yàrá àti 500 pọ́n-ùn lọ́dún tí Virginia ní obìnrin gbọ́dọ̀ ní nínú A Room of One's Own ní 1929, ó mọ ohun tó ń wí: nígbà tí Caroline, àbúrò bàbá wọn, kú ní 1909, 2,500 pọ́n-ùn ló fi sílẹ̀ fún Virginia, 100 péré ló sì fún Vanessa. Ní Charleston, obìnrin kan tó ń jẹ́ Grace Higgens wọ iṣẹ́ ní 1920, ó sì ń gbọ́únjẹ, ó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Òun ló jẹ́ kí Vanessa lè gun òkè lọ yàwòrán tòun ti ọmọ mẹ́ta. Bí o bá kọ nípa yàrá, kọ nípa ẹni tó gbá a.

Àlàyé mi nípa bébà tí kò wọ́n náà ní ibi tí kò ti ṣiṣẹ́, Bràsíl sì nibẹ̀. Níbẹ̀ àwọn obìnrin ayàwòrán ló ṣáájú. Anita Malfatti ló pàtẹ ní São Paulo ní oṣù kejìlá 1917, tí Monteiro Lobato òǹkọ̀wé fi àpilẹ̀kọ kan bá a jà débi pé àwọn kan tó ti rà dá àwòrán padà. Tarsila do Amaral ló ya Abaporu ní 1928, àwòrán kan ṣoṣo tó mú kí Oswald de Andrade, ọkọ rẹ̀, kọ ìwé ìkéde tó tún ojú lítíréṣọ̀ Bràsíl ṣe. Ayàwòrán ló fa òǹkọ̀wé lọ́wọ́ níbẹ̀. Kí ló fà á? Tarsila lówó. Oko kọfí ni bàbá rẹ̀ ní, ó sì lè lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fernand Léger ní Paris ní 1923. Ọdún náà ló ya A Negra, obìnrin dúdú tó jókòó, ọmú kan rọ̀ wálẹ̀ lójú àwòrán, tí Tarsila so mọ́ ìrántí àwọn obìnrin tó ti jẹ́ ẹrú lóko bàbá rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1886, ọdún méjì kí wọ́n tó fòpin sí ìsìnrú níbẹ̀. Mi ò lè wo àwòrán yẹn láìronú nípa ẹni tó san owó Paris, àwọn èèyàn tí wọ́n kó lọ láti ẹ̀bá òkun tiwa níbí sì wà lára àwọn tí wọ́n sọ di ẹrú nílẹ̀ náà.

Fún àpilẹ̀kọ rẹ, o lè gba ọ̀nà mélòó kan. O lè kó obìnrin mẹ́wàá jọ kí o fi hàn pé ìyà kan náà jẹ wọ́n. Ó rọrùn, máàkì rẹ̀ kì í pọ̀ lọ́wọ́ mi. O lè mú Vanessa àti Virginia nìkan, kí o fi àga 1912 àti Jacob's Room ṣe ọ̀pá ìdúró. Èyí ló wù mí, ṣùgbọ́n àwọn kan á ní o ti há sí London. O lè fi London wé São Paulo, èyí tó le jù, torí wàá ní láti wá Lobato kà, Pọtogí sì ni. Bí àkókò ò bá tó, mú ọ̀nà kejì, kí o fi Tarsila sí ìparí gẹ́gẹ́ bí atakò sí ara rẹ. Wá àwòrán àga yẹn ná kí o tó kọ ohunkóhun, wo ibi tí ojú yẹ kó wà, kí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀ kí o tó ka ohun tí ẹlòmíì rí.